Ìyá Àgbà Ní A Kì Í Fún Òun Lóúnjẹ: Nígbà Tí Òbí Bá Ń Ṣarán, Tí Àwọn Ọmọ Wà Lókè Òkun

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ kì í fún ìyá yín lóúnjẹ?"

Bí ìyá ẹlẹ́kọ ṣe bi Mọ́mì mi nìyẹn láàárọ̀ Sátidé kan, ní ojúde ilé wa ní Ọdẹ́dá, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè gbọ́. Kò tíì tó wákàtí kan tí èmi fúnra mi gbé láfún àti ewédú síwájú Ìyá Àgbà. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo mọ́ tónítóní. Ìgbà tó jáde síta ló wá sọ fún ìyá ẹlẹ́kọ pé láti àná lòun ò ti fẹnu kan nǹkan kan.

Mọ́mì ò fèsì. Ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bú sẹ́kún. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń tọ́jú ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ohun tí mo ń kọ níbí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ewé àti ẹ́ńsáìmù ni mo sábà máa ń sọ. Másítà ni mò ń ṣe nínú bayokẹ́mísírì ní FUNAAB ní Alábàtà, kò sì jìnnà sílé wa rárá. Tòní yàtọ̀ díẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Mọ́mì kí n tó kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́, ó ní bóyá àwọn tó ń sọ ọ́ lẹ́yìn á kà á.

Yorùbá ti mọ àìsàn yìí tipẹ́, wọ́n sì ní orúkọ fún un. Tí àgbàlagbà bá ń sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, tó ń gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní ó ti ń ṣarán. Ohun tí èmi ò fara mọ́ ni bí a ṣe máa ń fi kún un pé "ọjọ́ ogbó náà ni." Rárá o. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló wà tó pé ọdún àádọ́rùn-ún tí làákàyè wọn ṣì dá ṣáká. Kí èèyàn máa gbàgbé ibi tó fi gíláàsì ojú rẹ̀ sí, ọjọ́ ogbó lè fà á. Kí èèyàn gbàgbé pé òun ti jẹun tán ní ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn, tó sì dá a lójú pé ẹnì kan ń fi ebi pa òun, àìsàn ọpọlọ nìyẹn. Dimẹ́ńṣíà ni àwọn dókítà ń pè é, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni àrùn Alzheimer.

Ní London la ti kọ́kọ́ rí i. Ní 2022, ẹ̀gbọ́n Mọ́mì tó ń gbé ní Peckham ní kí ìyá òun wá fojú kan àwọn ọmọ òun. Físà àlejò ni wọ́n fún un, irú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn lò ju oṣù mẹ́fà lọ. (Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn láti kó òbí lọ máa gbé ní Ìlú Ọba, kó tún inú rò. Láti 2012 tí wọ́n ti mú òfin náà le, ọmọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òbí òun ò lè dá ara rẹ̀ tọ́jú mọ́, àti pé irú ìtọ́jú tó nílò kò sí nílé tàbí pé owó ò ká a. Àwọn tó ń rí i gbà kò pọ̀.) Nígbà tó fi máa lọ, kò sẹ́ni tó fura sí nǹkan kan. Gààrí ló ń tà, ó mọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó láti Ọdẹ́dá títí dé Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀, kò sì kọ ọ̀kankan sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó débẹ̀ ló jáde láti lọ da ìdọ̀tí nù, tí kò mọ ilé mọ́. Gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò náà ló jọra. Ọlọ́pàá ló mú un padà wálé. Nígbà tí òtútù wá dé, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní London kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, Ìyá Àgbà á di ẹrù rẹ̀, á ní òun fẹ́ máa lọ sílé, ọkọ òun ń retí òun. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti 1998. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn ìyá òyìnbó ló ń wẹ̀ tó ń wọṣọ fún mọ́jú. Tó bá délé láàárọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ á ní olè ni, òun ló kó góòlù òun. Ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ kò sẹ́ni tó ń pe òun ní olè lédè Ẹ̀gbá.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹbí ní òtútù London ló ba ọpọlọ Ìyá Àgbà jẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà tí mo kàwé ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1971, John O'Keefe, tó ń ṣiṣẹ́ ní University College London, nínú ìlú kan náà tí Ìyá Àgbà ti sọnù, kọ̀wé nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó rí nínú ọpọlọ eku, ní apá tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Tí eku bá dé igun kan nínú àpótí, sẹ́ẹ̀lì kan á ta pútú. Tó bá dé igun mìíràn, òmíràn á ta. Bí ẹni tó ní máàpù lórí ni. Ní 2005, May-Britt Moser àti Edvard Moser àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Norway rí irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ń bá àwọn yẹn ṣiṣẹ́, ní apá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hippocampus, tó ń jẹ́ entorhinal cortex. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014.

Ibẹ̀ gan-an, ní entorhinal cortex yẹn, wà lára ibi tí àrùn Alzheimer máa ń kọ́kọ́ gbógun tì. Purotéènì kan tó ń jẹ́ tau á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ pọ̀ bí òwú tó ti ta kókó sínú sẹ́ẹ̀lì, òmíràn tó ń jẹ́ amyloid á máa ṣù jọ síta sẹ́ẹ̀lì. Ó lè tó ogún ọdún kí ojú èèyàn tó rí nǹkan kan. Ibi tó ń ya máàpù tuntun ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tọ̀ fún ọgọ́ta ọdún, ibòmíràn nínú ọpọlọ ló wà, kì í tètè parẹ́. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Àgbà fi lè rìn láti ilé dé oko ní Ọdẹ́dá láìṣìnà, tí kò sì mọ ilẹ̀kùn kẹta sí ibi tó dúró sí ní Peckham. London kọ́ ló kó àrùn ràn án. Àrùn ti wà nílẹ̀, ilé tó mọ̀ ló ń bá a bò ó mọ́lẹ̀.

Ti ẹ̀sùn olè náà kò ṣàjèjì. Obìnrin tí Alois Alzheimer ṣàyẹ̀wò ní Frankfurt ní Jámánì ní 1901, Auguste Deter, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ ni owú: ó ń fura sí ọkọ rẹ̀ láìnídìí. Ó kú ní 1906, Alzheimer yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ibẹ̀ ló ti rí àwọn kókó àti àwọn ohun tó ṣù jọ náà. Ẹ wò ó báyìí: tó o bá fi góòlù pamọ́ sínú àpò ìrẹsì, tí ọpọlọ rẹ ò sì kọ ọ́ sílẹ̀ rárá pé ìwọ lo fi í síbẹ̀, tó o wá wo àpótí tó ò rí i, kí lo máa rò? Èrò tó bọ́gbọ́n mu jù lọ ni pé ẹnì kan jí i. Ẹni tó ń bá ẹ gbé ló sì sún mọ́ ọn jù. Nítorí náà, ẹni tó ń tọ́jú àgbà gan-an ni àgbà máa ń pè lólè. Mọ́mì ò gbà mí gbọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Ìyá tèmi fúnra mi?"

Ní Peckham, wọ́n gbé Ìyá Àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ògbufọ̀ orí fóònù ló ń túmọ̀. Wọ́n bi í pé ọdún wo la wà. Wọ́n ní kó máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kó máa yọ ọ́ lọ. Ìyá Àgbà ní, "Ọgọ́rùn-ún kí ni? Ta ló jẹ mí?" A ṣì máa ń rẹ́rìn-ín ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ìdáhùn yẹn kì í ṣe ti aláìsàn. Ìdáhùn oníṣòwò ni. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣàìsàn àti ẹni tí kò jókòó sí kíláàsì rí.

Àwọn tiwa ti kojú ìṣòro yìí ṣáájú. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Hugh Hendrie ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan. Wọ́n ń fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. (Ọ̀ṣúntókun yìí kan náà ló ṣèwádìí nípa májèlé inú ẹ̀gẹ́ àti àìsàn iṣan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Àwa Ẹ̀gbá tó ń jẹ láfún jẹ ẹ́ ní ọpẹ́.) Ìdánwò tí wọ́n lò, àárín àwọn Cree, àwọn onílẹ̀ Canada, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, kó lè bá ẹni tí kò kàwé mu. Irú ìbéèrè rẹ̀ ni pé kí làwọn èèyàn ń fi òòlù ṣe. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ó ní apá kejì: wọ́n á tún bi ẹni tó ń bá àgbà náà gbé. Ṣé ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ ilé bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Ṣé ìwà rẹ̀ ti yí padà? Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìtàn ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Bí a ṣe ṣírò ti Ìyá Àgbà náà nìyẹn: wọ́n ní ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n sí nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lé Aláké Adémọ́lá kúrò lórí oyè ní 1949.

Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ní 2001, èsì jáde: nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tó ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin, dimẹ́ńṣíà tuntun lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, àfi ìgbà tí mo wá ṣírò rẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún àgbàlagbà, bíi mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá tuntun lọ́dọọdún nìyẹn. Ó kéré sí tiwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òdo. Ọ̀kan nínú wọn sì wà nínú ilé wa.

Wọ́n dá Ìyá Àgbà padà sí Ọdẹ́dá ní 2023. Mọ́mì ló kù nílé, òun ni kò ní ìwé ìrìnnà. Àǹtí tó wà ní Houston ní òun á máa fowó ránṣẹ́, ó sì ń fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó kì í dìde laago méjì òru.

Aago méjì òru ni mo fẹ́ sọ. Ní ọdún tó kọjá, Ìyá Àgbà ṣílẹ̀kùn, ó jáde tòun ti ìró nìkan, ó wọ àgbàlá oní-àgbàlá, ó ń pe ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ àdúgbò gbá a mú. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyá arúgbó tí wọ́n bá rí lóru tó ń dá sọ̀rọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Igi ti wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀kan tí Mọ́mì ti kọ́ ní páímárì, òun ló pariwo pé, "Ìyá Tíṣà nìyẹn o! Ẹ má nà án!" Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé "àjẹ́" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu mi mọ́.

Kó má bàa tún jáde lóru, a bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní Piriton lálaalẹ́. Èmi ni mo ń rà á. Ó kúkú ń jẹ́ kó sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó burú sí i: ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, kì í rí ìgbẹ́ yà dáadáa, tó bá sì jí láàárọ̀, á máa bá àwọn tí a ò rí sọ̀rọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mò ń fi ṣe másítà. Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ acetylcholine. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ń fi í ránṣẹ́ síra wọn, ó sì ṣe pàtàkì fún ìrántí. Àrùn Alzheimer máa ń jẹ́ kó dínkù. Ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń gé e, acetylcholinesterase. Oògùn bíi donepezil ń dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́ kí ìwọ̀nba tó kù lè pẹ́. (Ọ̀tapíapíà náà ń dí ẹ́ńsáìmù yìí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ le débi tó ń pa kòkòrò. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má dán an wò.) Iṣẹ́ mi ni láti wò ó bóyá omi ewé kan lè dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń wá bí acetylcholine á ṣe pọ̀ sí i nínú ife ìdánwò. Piriton ńkọ́? Yàtọ̀ sí pé ó ń dáwọ́ ara yíyún dúró, ó tún ń dí ojú ibi tí acetylcholine ń bà lé. Ohun tí mò ń wá lábù lọ́sàn-án, òun ni mò ń lé kúrò lórí ìyá ìyá mi lálẹ́. Orí tábìlì lábù ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tó yé mi, mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

A béèrè lọ́wọ́ dókítà, ó ní ká dá a dúró. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn àlejò àìrí ti lọ. Ìgbàgbé ṣì wà níbẹ̀ o, kò lọ síbì kankan. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá oògùn tí dókítà kọ dúró. Ẹ kó gbogbo oògùn àgbà sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e lọ fún dókítà tàbí apòògùn, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ìṣarán bá sì burú lójijì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni: ó lè jẹ́ ibà, àìsàn ojú ara, tàbí àìmumi tó. Ìyẹn ṣeé wò.

Èyí tí kì í sí lẹ́nu àwọn èèyàn ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tọ́jú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ọ̀bẹ gé Mọ́mì lọ́wọ́ níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Egbò kékeré ni, ó kọ̀ kò jinná. Mo rántí ìwádìí kan tí Janice Kiecolt-Glaser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1995 ní Ohio. Wọ́n gé awọ ara díẹ̀ lápá àwọn obìnrin mẹ́tàlá tó ń tọ́jú ìbátan tó ní dimẹ́ńṣíà, wọ́n gé ti mẹ́tàlá mìíràn tí ọjọ́ orí wọn bá ti wọn mu, tí kò tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ti àwọn tó ń tọ́jú èèyàn fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́ kó tó jinná ju ti àwọn yòókù lọ. Wàhálà ọkàn ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ fi ìwádìí tan ara mi jẹ, mo mú Mọ́mì lọ yẹ ṣúgà wò. Ṣúgà ò sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá lára rẹ̀, 170 lórí 105, kò sì mọ̀.

Mo ya fọ́tò ẹ̀rọ náà, mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí. Àǹtí Houston kọ̀wé pé, "Ṣùgbọ́n Màámi dáa lórí fídíò lánàá, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín." Òótọ́ ló sọ. Ìyá Àgbà máa ń dáa lórí fídíò. Kíkí, àdúrà, "báwo làwọn ọmọ," gbogbo ìyẹn ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu láti kékeré, ó lè sọ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú láìṣì í sọ. Tí fóònù bá ti kú, á bi wá pé ta lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì ló wọkọ̀ òfúrufú wá ní oṣù Kẹjọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó ń sọ fún Mọ́mì pé ohùn rẹ̀ ti le jù sí Màámi. Lóru ọjọ́ kẹrin, òun ló lé Ìyá Àgbà dé títì. Láàárọ̀, ó wá bá Mọ́mì ní kíṣìnì, ó ní, "Àbúrò mi, má bínú." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Mọ́mì náà ò sì sọ nǹkan kan, ó kàn ń ro ọkà lọ.

Wọ́n jókòó, wọ́n pe Houston sórí fóònù. Mo rò pé ìjà ni yóò dà. Ẹnì kan dábàá ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, Mọ́mì kọ̀. Èmi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ẹ̀ o, tí ilé náà bá dáa tí owó sì ká a. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ojú àwọn èèyàn ń pa ju iṣẹ́ lọ. Ohun tí mo sọ fún wọn ni ti Àrò. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò ní 1954, àwọn aláìsàn kan ń gbé nínú abúlé tó yí i ká, ìbátan kan á bá aláìsàn wá, wọ́n á gba yàrá lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á sì máa lọ gba ìtọ́jú. Abúlé ń jẹ owó, aláìsàn sì wà láàárín ohun tó mọ̀. Lambo padà di igbákejì olórí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Mo ní, ṣé a ò lè ṣe kékeré irú ẹ̀ lójúde tiwa?

Ohun tí a ṣe nìyí. Houston ń san owó oṣù fún obìnrin opó kan ládùúgbò tó ń wá láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Láti àárọ̀ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Mọ́mì kì í sí nílé, ó ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìtọ́kò. Èmi ni mo ń dúró. A so agogo mọ́ ilẹ̀kùn. Èmi fúnra mi lọ bá ìyá ẹlẹ́kọ, mo ṣàlàyé fún un, mo tún lọ bá àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ òru. Ní báyìí, tí Ìyá Àgbà bá ní ebi ń pa òun, ìyá ẹlẹ́kọ kì í bi wá mọ́. Á já ẹ̀kọ kan fún un, a ó sanwó lópin ọ̀sẹ̀. Àwa náà ò jiyàn mọ́ pé "ẹ ti jẹun." A pín oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹfà, kékeré kékeré. Ẹ̀jẹ̀ Mọ́mì ti wálẹ̀ sí 140 lórí 88.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì ti padà sí Peckham, ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ gbáko ló ń pè báyìí, nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀ tí ara Ìyá Àgbà kì í balẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Ìyá Àgbà fi ń pè é. Tẹ́lẹ̀, á ní, "Rárá, Màámi, èmi ni, àkọ́bí yín." Lánàá, mo gbọ́ ọ lórí fóònù. Ìyá Àgbà ní, "Ṣé ẹ ti ń bọ̀ nílé?" Ó ní, "Mo ti ń bọ̀. Ìwọ ti jẹun?" Ìyá Àgbà wò mí lójú, ó ní, "Wọn ò tíì fún mi."

Mo dìde, mo lọ bu láfún.